Ilẹ̀ Tó Ń Làágùn ní Ìlà Àgbọn

Ihò kẹta ni agbọ́mi ti pariwo.

Mo ti dá méjì ṣáájú nínú ilé Bámidúró, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, méjèèjì sì gbẹ táútáú. Inú mi ti ń dùn. Mo tilẹ̀ ti ń ro irú ẹja tí màá rà kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Àfi bí mo ṣe ki ìṣó agbọ́mi bọ ihò kẹta ní igun yàrá ẹ̀yìn, tí iná pupa tàn lórí ẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìẹ.

"Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre," mo sọ fún un. Ẹ̀rọ lásán ni, kò mọ èébú.

Bámidúró tó ni ilé fara ti ògiri lẹ́yìn mi. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó síngbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ló ti ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́.

"Kí ló ń wí?" ó bi mí, bíi pé òun ò rí iná pupa.

"Ó ní omi wà níbẹ̀."

"Ẹ tún un dá, Àǹtí. Bóyá ibi tí ẹ dá a sí ni ò dáa."

"Bọ̀dá, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí òkun ò tíì dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi?"

Ẹnu mi máa ń mú, mo mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan tí agbọ́mi bá ké, ìkìlọ̀ ni. Ó ní láti gbé nínú ihò náà fúngbà díẹ̀, kó mu afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dáadáa, kó tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Lẹ́yìn náà, tí mo bá tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn lára, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ilé Ìṣọ́lẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó rán mi wá, á ti gbọ́ kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kì í sì í ṣe ilé Bámidúró nìkan ni wọ́n á kọ̀. Gbogbo ilé tó wà ní Ìlà Àgbọn látòkè délẹ̀ ni, torí yanrìn kan náà ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Bí omi òkun bá ti rí ọ̀nà gba abẹ́ ilé kan, kò sí ẹni tó máa fi awọ, ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sílẹ̀ kí omi má bàa wọlé, ṣòfò sórí ilẹ̀ ìyókù. Báàjì ni wọ́n á gbé wá, ọkọ̀ irin gbàǹgbà tí wọ́n ń kó àwọn tí ilẹ̀ wọn bá bàjẹ́ sí.

Mo ti rí báàjì. Àbúrò mi obìnrin wà lórí ọ̀kan. Irin lókè, irin nílẹ̀, òórùn ẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú yàrá kan. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n rìn lórí ilẹ̀ tí kì í mì. Àwọn àgbà kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó gbé ọmọ pọ̀n. "Adánlẹ̀wò, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ó gbẹ? Wọ́n ní tiyín ló kẹ́yìn, pé tó bá ti gbẹ, awọ dé nìyẹn!"

"A ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ ni, ìyàwó," mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń juwọ́ sí mi.

Ká sọ pé mo kàn lè purọ́ ni. Ká ní mo lè sọ pé ilẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wá kun awọ, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n awọ kì í mú ilẹ̀ tó tutù. Wọ́n kùn ún sórí irú ẹ̀ rí ní Ìlà Ìyeyè. Kò pẹ́ tó fi wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, ó bẹ́, omi iyọ̀ sì gba abẹ́ ẹ̀ wọlé ọ̀dọ̀ wọn. Adánlẹ̀wò tó fọwọ́ sí i wà lórí báàjì pẹ̀lú wọn títí dòní.

Mo bu ìyẹ̀fun kọnkéré tí ẹ̀rọ ìdálu kó jáde nínú ihò náà, mo fi kan ahọ́n. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n ní ìwà ọ̀bùn ni. Ó dáa, ọ̀bùn ni mí. Omi òkun tó bá gun kọnkéré kì í wá lọ́wọ́ òfo, iyọ̀ ló máa ń kó dání. Ìyẹ̀fun tó jáde láti abẹ́ ilé tó ti bàjẹ́ máa ń ta ahọ́n bí omi ẹja gbígbẹ.

Èyí ò ta. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi òjò.

Mo gbójú sókè. Àjà gbẹ, kò sí àmì jíjò kankan. Mo wá wo ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀, mo wò ó bó ṣe yẹ kí n ti wò ó kí n tó dá ihò. Àwọ̀ igun yẹn yàtọ̀. Wọ́n ti fi èédú àti eérú pa á kó lè dà bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n etí ibi tí tuntun ti pàdé ògbó ṣì hàn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ó gùn, kò fẹ̀. Gígùn ẹ̀ tó ti ènìyàn tó nà gbalaja.

Mi ò fẹ́ ronú kọjá ibẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò fẹ́.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá kejì ti ṣí. Bàbá Bámidúró ló jáde, Bàbá Oyèbàńjí, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tó so aṣọ ìbora mọ́ èjìká. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di kọ́ọ̀pù tánńganran kan mú, wọ́n ń rọra rìn kí omi inú ẹ̀ má bàa dà nù.

Bámidúró ta gìrì. "Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, àlejò wà. Ẹ padà, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá. Wọ́n dé igun náà, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n lóṣòó díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá ń da omi náà sílẹ̀ ṣín-ín ṣín-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ́mi mi níbẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire? Omi ẹ rèé. Afẹ́fẹ́ pọ̀ lónìí, orúnkún mi ò jẹ́ n sùn. Mu ún, má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọ́."

Agbọ́mi tún figbe ta. Bàbá wò ó, wọ́n wá wò mí, ẹ̀rín músẹ́ sì yọ lójú wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ẹ má bínú, ìyàwó mi ni mo ń kí."

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Mo fa Bámidúró jáde sórí pákó tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ọ̀sà ti ń lu òpó.

"Ìyá yín ló wà níbẹ̀," mo ní.

Kò jiyàn. "Ìyá mi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Òjò tó kọjá. A sọ fún Ilé Ìṣọ́lẹ̀ pé omi ló gbé wọn lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ilé! Ilẹ̀ tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́! Bọ̀dá, ẹ̀yin ò rí obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n yẹn ni? Ẹ ò rí gbogbo ará ìlà yìí?"

"Mo rí wọn."

"Ẹ rí wọn, ẹ sì gbẹ́ ẹ."

"Kí ni kí n ṣe?" ó ní. "Bàbá tó bí bàbá mi, inú yàrá wọn ni wọ́n sin wọ́n sí ní Èpẹ́ kí omi tó bo ibẹ̀. Ìyá wọn náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìran wa tó sùn síta rí. Kí n wá gbé ìyá tó bí mi fún ọkọ̀ eérú tí ìjọba fi ń kó òkú lọ sun, bí ẹni gbé pàǹtírí? Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lè pè é?"

"Mo pè é."

Ó wò mí, ó wolẹ̀.

Mo pè é, ní tòótọ́. Nígbà tí ìyá mi kú, ọkọ̀ eérú dé pẹ̀lú fèrè ẹ̀, àwọn tó wá ti ki ọwọ́ bọ rọ́bà títí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì bi mí bóyá màá gba díẹ̀ nínú agolo. Mo ní rárá. Ta ló ń gbé ìyá ẹ̀ sínú agolo? Títí di òní, tí mo bá fẹ́ sọ pé "ìyá mi, ẹ gbà mí", mi ò mọ apá ibi tí mo lè kọjú sí. Inú bí mi sí Bámidúró lórí pákó yẹn, kì í sì í ṣe nítorí òfin. Ìlara ni. Òun mọ ibi tí tiẹ̀ wà.

"Òkú ò mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀," mo sọ fún un, kí n lè rí nǹkan sọ. "Àwọn alààyè tó wà nínú ìlà yìí ló yẹ ká rò."

"Bàbá mi wà lára alààyè."

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Tí mo bá tẹ àtàǹpàkò, ìlà lọ. Tí mo bá ṣàlàyé fún Ilé Ìṣọ́lẹ̀ pé kì í ṣe omi òkun, wọ́n á bi mí pé omi wo ni nígbà náà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n á fọ́ igun yẹn, wọ́n á hú Àwẹ̀ró jáde, ọmọ ẹ̀ á sì lọ máa gbẹ́ iyọ̀ lórí erékùṣù bí ẹlẹ́wọ̀n títí a fi máa gbàgbé orúkọ ẹ̀. Tí mo bá sì purọ́ pé ilẹ̀ gbẹ, awọ á wú, gbogbo wa á di èrò báàjì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí ibẹ̀ ti gbẹ. Kọnkéré tí wọ́n dà ní òjò tó kọjá, tí ọ̀gbẹlẹ̀ odindi kan ti fẹ́ sí, ó yẹ kó ti gbẹ ju ahọ́n mi lọ. Omi àràárọ̀ yẹn ni ò jẹ́. Wọ́n fi òkú pamọ́ sábẹ́ ilé tó jẹ́ pé omi nìkan ló lè tú àṣírí ẹ̀, wọ́n wá ń bu omi sí i lójoojúmọ́. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀, bí kì í bá ṣe àwa? Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ayé kan ń bọ̀ tí ẹni tó bá tẹ ilẹ̀ tútù, ó di orí báàjì.

"Ọ̀nà kan wà," mo ní. "Òfin gbà mí láyè kí n sọ lẹ́ẹ̀kan pé ilẹ̀ ò tíì tó dán wò. Bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọlé, bóyá omi dà nù. Màá sọ bẹ́ẹ̀, màá padà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìkán omi kan ò bá kan ibẹ̀ mọ́ títí di ìgbà yẹn, á gbẹ. Tí kò bá gbẹ, mi ò lè ràn yín lọ́wọ́ mọ́."

Mo rò pé á dọ̀bálẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó fọwọ́ nu ojú.

"Bàbá ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má da omi síbẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi bó. Wọ́n á ní àwọn gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti gbàgbé. Mo gbé kọ́ọ̀pù pamọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi bu omi. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé pé wọn ò jẹ́ káwọn fún ìyàwó àwọn lómi. Àwọn ará ilé kejì ti ń bèèrè ẹni tó ń sunkún. Kí ni kí n ṣe fún wọn, Àǹtí? Kí n dè wọ́n lókùn?"

Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi í sí mi lẹ́nu.

"Ẹ sọ fún wọn pé Ìyá ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Háà."

"Pé Ilé Ìṣọ́lẹ̀ ti rí i, pé wọ́n ti gbé e lọ sun. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bu omi fún un."

"Háà, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ yẹn á pa wọ́n."

"Báàjì náà á pa wọ́n. Tàbí kí wọ́n dúró níbẹ̀ máa wò ó bí wọ́n ṣe ń hú ìyàwó wọn jáde. Èwo lẹ fẹ́?"

Ọ̀sà ń lu òpó. Ó yíjú wo ilé. "Wọn ò ní í gbà á gbọ́ lẹ́nu mi."

"Wọ́n á gbà á gbọ́ lẹ́nu aṣọ tí mo wọ̀ yìí," mo ní.

Nígbà tí a wọlé, Bàbá ti jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá igun náà, wọ́n ń sọ fún ilẹ̀ nípa ọmọ-ọmọ wọn kan tó ti ń mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kọ́ọ̀pù wà lórí itan wọn. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Bàbá, Ìyá ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ta ni ò sí níbẹ̀?"

"Ìyá Àwẹ̀ró. A ti wá gbé wọn lọ sí Ilé Eérú. Òfin ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Wọ́n wo aṣọ mi, wọ́n wo àmì tó wà láyà ẹ̀. "Nígbà wo?"

"Ẹ ń sùn ni, Bàbá."

"Mo ń sùn." Wọ́n wo inú kọ́ọ̀pù. "Mo sì bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀?"

Wọ́n gbójú sókè sí ọmọ wọn.

"Ìwọ, o wà nílé nígbà tí wọ́n dé?"

"Mo wà nílé, Bàbá."

"O rí wọn."

"Mo rí wọn."

"O sì ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Bámidúró wò mí bíi kí n gbà á sílẹ̀, èmi ń wo ilẹ̀. "Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, Bàbá," ó ní.

Bàbá dìde. Wọ́n lọ sójú fèrèsé, wọ́n da omi tó kù nínú kọ́ọ̀pù sínú ọ̀sà, wọ́n sì gbé kọ́ọ̀pù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn ò sunkún, wọn ò ṣépè. Mo yọ agbọ́mi, mo sọ fún un pé ilẹ̀ ò tíì tó dán wò, mo kó irinṣẹ́ mi. Mi ò ra ẹja kankan lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo padà dé Ìlà Àgbọn, ìkúùkù òjò àkọ́kọ́ ti ń ṣú lórí òkun. Ẹ̀rọ akunlẹ̀ ti dé síwájú mi, ó ti ṣetán láti fi awọ sí gbogbo ilé, èsì ti Bámidúró nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Kúfọ̀rìjì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, jókòó lórí ẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọ dáadáa ni, ara ẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, kò sì mọ nǹkan kan.

"Àǹtí Ìbíyẹmí! Ẹ bá wa yára, òjò ń bọ̀ o!"

Bàbá Oyèbàńjí jókòó sórí pákó níta, wọ́n kẹ̀yìn sí ilé. Mo kí wọn. Wọ́n ń wo ọ̀sà lọ.

Bámidúró ti rù. Egungun ọrùn ẹ̀ yọ síta. "Wọ́n gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi," ó sọ fún mi lóhùn kẹ́lẹ́ bí a ṣe ń wọlé. "Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní àwọn ò tíì jẹun. Èyí tó yẹ kí wọ́n gbàgbé, wọn ò gbàgbé ẹ̀ rí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí báyìí? Aṣílẹ̀kùn. 'Aṣílẹ̀kùn, fún mi lóúnjẹ.' 'Aṣílẹ̀kùn, kúrò níwájú mi.' Àwọn ọmọ mi ń gbọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," mo ní.

Mo dá ihò tuntun ní igun yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, mo jẹ́ kó jìn. Mo ki ìṣó bọ̀ ọ́. Mo tún tẹ́ láílọ́ọ̀nù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí àwọn àgbà iṣẹ́ wa ṣe máa ń ṣe, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má gba afẹ́fẹ́, torí ilẹ̀ tó bá ń làágùn á làágùn sí i lábẹ́. A dúró. Kúfọ̀rìjì jẹ búrẹ́dì ẹ̀ tán, ó sùn lọ lórí ẹ̀rọ. Bámidúró ò jókòó.

Nígbà tí àkókò tó, mo ṣí láílọ́ọ̀nù. Inú ẹ̀ gbẹ, kò sí ẹ̀rí ìkán omi kan. Iná agbọ́mi di àwọ̀ ewé, kò dún. Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn.

"Ó gbẹ," mo ní.

Kúfọ̀rìjì ló gbọ́ tó fi ariwo bọnu, bí ariwo náà ṣe ń ti ilé dé ilé nìyẹn. "Ó gbẹ o! Ti Oyèbàńjí gbẹ o!" Àwọn obìnrin ń pariwo, ẹnì kan ń lu bàsíà. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n nígbà yẹn wọlé wá, ó dì mọ́ mi, ó ń gbàdúrà fún mi, fún àwọn ọmọ mi, fún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ń ṣe àmín.

Ẹ̀rọ akunlẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó rọra ń fà sẹ́yìn bí ahun, awọ sì ń ṣàn jáde níwájú ẹ̀ bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ó ń tẹ́jú, ó ń dán. Ó bo ihò tí mo dá, ó bo etí ibi tí tuntun ti pàdé ògbó. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ò lè mọ̀ mọ́ pé igun kan yàtọ̀ sí igun kejì. Òórùn ẹ̀ ń ta ojú. Bámidúró dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń dà lójú ẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rò pé òórùn awọ ni. Ó fọwọ́ kan èjìká mi.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Tí ti Bàbá bá tó... màá wá ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá ni wọ́n máa sùn. Nígbà náà, wọ́n á mọ̀ pé mi ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni."

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ọkàn mi tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ìjọba."

Bàbá ló pè mí. Wọ́n ti yíjú sí wa lórí pákó tí wọ́n wà. Mo lọ, mo kúnlẹ̀. Kúfọ̀rìjì wà nítòsí, ó ń fọ ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀.

"Àwọn tí ẹ sun, níbo lẹ máa ń da eérú wọn sí?"

Kí n tó lanu, Kúfọ̀rìjì ti dá wọn lóhùn. "Ẹnu òkun ni, Bàbá. Ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn pọ̀ síbẹ̀ ni."

"Gbogbo wọn pọ̀ síbẹ̀? Ẹnì kan ò lè wá ẹnì kejì tì?"

"Báwo ló ṣe máa wá a tì, Bàbá? Omi kan náà ni."

Bàbá mi orí. Ojú wọn mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rí i rí lọ. "Wọ́n ní ohun tí arúgbó bá sọ níwájú aláṣọ ìjọba, tó tẹ̀ka sí i, ọmọ ẹ̀ ò lè yí i padà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá," Kúfọ̀rìjì ní. "Ẹ̀yin gan-an ò lè yí i padà mọ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ káwọn ọmọ má bàa máa fipá yí àgbà lérò padà."

"Ó dáa. Gbé ẹ̀rọ ẹ wá, ọmọbìnrin."

"Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Òjò ti ń bọ̀."

"Àǹtí, kí ló dé?" Kúfọ̀rìjì ń wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ gbà á lẹ́nu wọn, iṣẹ́ wa náà ni. Àbí kí n gbà á?"

Mo yọ agbọ́mi. Mo ṣí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bámidúró lórí pákó lẹ́yìn mi.

"Èmi Oyèbàńjí," Bàbá ní, wọ́n sì na ẹ̀yìn tàntàn. "Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ má sin mí sílé yìí. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ojú á tì í, á fẹ́ fi mí ṣètùtù ohun tó fi ìyá ẹ̀ ṣe. Mi ò fẹ́. Ẹ pe ọkọ̀ eérú. Ẹ sun mí, kẹ́ ẹ sì dà mí síbi tẹ́ ẹ da Àwẹ̀ró sí."

"Bàbá." Bámidúró wólẹ̀ gbalaja lórí pákó. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá."

"Dìde, Aṣílẹ̀kùn."

Ó gbójú sókè sí mi. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó ti wà lórí ahọ́n mi: Bàbá, ìyàwó yín wà nílé. Ṣùgbọ́n Kúfọ̀rìjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rí bíi tèmi, awọ ò tíì le, àwọn aládùúgbò ṣì ń lu bàsíà. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Ẹnu mi tó máa ń mú, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fa ẹ̀rọ náà súnmọ́ra, wọ́n sì fi àtàǹpàkò wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, Bàbá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n kọjú sí apá ibi tí ọ̀sà gbà lọ sókun, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu wọn.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," wọ́n ní. "Mo ti ń bẹ̀rù pé n ò ní í rí i mọ́."